Àga Tí Bàbá Ó-Rẹ̀-Mí Ṣe Fún Omi

Wọ́n ní Bàbá Ó-Rẹ̀-Mí ò tíì lọ sọ́run. Wọ́n ní inú ògiri ilé ìdáná ilé oúnjẹ ńlá yẹn ló wà, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, tó ń kànkùn kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. Ọkùnrin tó ń gé àlùbọ́sà tiẹ̀ búra pé òun gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀. Ọ̀gá alásè, àbúrò olóògbé gan-an, ló dá a lóhùn: "Bọ̀ọ̀dá mi tí mo mọ̀? Tó bá ríbi jókòó sí nínú ògiri, ṣé ó máa dìde kànkùn ni?"

Púlọ́ńbà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ tí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ni ti ìkérora. Nígbà yẹn, bí alásè kan bá ti fi ìgúnpá gbá ẹnu ẹ̀rọ omi dé, gbàgà! ògiri á dún, ìkòkò á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ. Páìpù ti bẹ́ rí, ó tún bẹ́. Ẹni tó ni ilé oúnjẹ wá sọ fún ọ̀gá alásè pé, "Màdáámù, tó bá tún bẹ́, màá ti ilé ìdáná yìí pa, kóníkálukú yín máa lọ sílé." Ni àbúrò bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n.

Bàbá dé, ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí o," ó fetí lé ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò tíì sùn lọ?"

"Ẹjọ́ omi ni mò ń gbọ́. Ó ní òun ń sáré bọ̀ wá jẹ́ ìpè yín, ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú. Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé o ò ní forí sọ ọ́?"

Ó pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa wí pé, "Ó... ti... rẹ̀... mí... o," ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ dé tán kí ọ̀rọ̀ tó tán. Ògiri dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo alásè ń kérora láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn oníbàárà sì ń gbọ́ ọ. Ìyá kan gbé abọ́ rẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n wá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde, màá fọ tèmi."

Àṣé ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ lẹ́nu Bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ní ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun. Bàbá ìyàwó pariwo: "Kò tíì gbé e délé, ó ti rẹ̀ ẹ́!"

Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ nìkan ni kò gbọ́ràn. Pàkà ló ń dé omi tirẹ̀, kò sì lẹ́nu tí yóò fi kérora. Bàbá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ohun tí kì í rẹ̀, ẹ máa bẹ̀rù rẹ̀." Ó wá gbé páìpù kúkurú kan nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dí i lórí pa, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀. "Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ omi, á yà síbí, á fara ti afẹ́fẹ́."

"Ṣé àga lẹ ṣe fún omi ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Àga ni. Ta ni kì í rẹ̀?"

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á wá, á ti omi pa, á lé gbogbo wọn síta pé òun fẹ́ tún àga omi ṣe. Wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín pé ó fẹ́ lọ rẹjú ni.

Ìgbà tó kú, kò sẹ́ni tó tún àga ṣe mọ́. Ni ìkànkùn bá tún bẹ̀rẹ̀, ni ẹni tó ni ilé oúnjẹ bá tún ń mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá alásè dúró síwájú ògiri, ó fetí lé e bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń ṣe. Lójijì ló kígbe: "Àga!" Ó ti omi pa, ó ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi sílẹ̀, ó jẹ́ kí páìpù gbẹ, ó tó dá omi padà. Ẹ̀rọ fọ abọ́, ó dé pàkà, ògiri ò dún.

Lálẹ́, ó ń ti ẹ̀rọ omi tó kẹ́yìn. "Ó... ti... rẹ̀..." Àwọn alásè tó kù ló bá a parí rẹ̀, wọ́n rọra fà á, títí ẹ̀rọ fi dé.

Ní ti ẹni tó ń kànkùn: omi ló ti kún páìpù kúkurú tó yẹ kí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀.