Ọjọ́ Tí Mo Fi Iyọ̀ Sí Ìtàn Onítàn

Òórùn káńfọ̀ àti ti ìwé àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ màmá tíṣà ní Kúdẹtì. Lẹ́yìn náà ni òórùn ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan yóò tẹ̀ lé e, nítorí màmá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìwé nílé àwọn láìjẹ nǹkan. Ibẹ̀ la ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, àwa obìnrin mẹ́rin tí ìwé kíkà ti bà jẹ́. Màmá tíṣà fúnra wọn, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn bí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Bí kò bá ti sí òkú ní ojú ewé kẹwàá, wọn á pa ìwé náà dé. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá láti Òkè Padre, ìyẹn máa ń ka ojú ewé tó kẹ́yìn kó tó ka èyí àkọ́kọ́, èyí tí màmá kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Bẹẹrẹ, ìwé ìtàn ayé àtijọ́ ni tèmi, pàápàá èyí tí ogun bá wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kẹrin wa ni ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ òfì ní Ọjà'ba. Mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nígbà tó wá ra oògùn ikọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn di ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ilé di ọ̀rẹ́, ó sì ti tó ọdún méjìdínlógún kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ìwé ọmọdé nìkan ló máa ń kà. Ó ní ìwé àgbà gùn ju sùúrù òun lọ. Ṣùgbọ́n o, bí ó bá ń sọ ìtàn ewúrẹ́ kan tó fẹ́ wọ ilé ìwé, wàá gbọ́ ohùn ewúrẹ́, wàá gbọ́ ohùn ọ̀gá ilé ìwé, wàá sì gbọ́ ìkórira tó wà láàrin wọn. Màmá tíṣà tó ní àwọn ò fẹ́ràn ìwé ọmọdé, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ sún mọ́ ọn.

Òfin wa kò pọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé, yóò pa á dé lé orí itan rẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kò sí pé ò ń kà á jáde. Ẹni tó bá sọ orúkọ apààyàn nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, òun ni yóò fọ abọ́. Bí o bá sọ tìrẹ tó dùn, ẹlòmíràn á gba ìwé náà lọ sílé. Bí kò bá dùn, ìwọ náà ni wàá gbé e padà tìtìjú-tìtìjú. Èmi rèé, ọwọ́ mi kì í fẹ́ gbé ìwé padà. Mo ní ẹ̀mí ìdíje, màá sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìwé ìtàn ogun kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù ni mo gbé wá. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mò ń kà á, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé ó ń kú lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì ti ń tòògbé. Màmá ń fi ọgbọ́n wo aago. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí jagunjagun kan ti ju ìbọn sílẹ̀ láàrin ogun, tó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó kọ ìwé náà kò tilẹ̀ sọ ìlú tí ọkùnrin yìí ti wá. Ni èmi bá ní kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ní, "Ẹ ò mọ ibi tí wọ́n bí i? Ìsàlẹ̀ Òsì níbí ni, nínú ilé tí kànga wà lẹ́nu ìloro rẹ̀!"

Ojú nọ́ọ̀sì là. Ìyẹn ló bà mí jẹ́. Mo dìde, mo sán ìró mi, mo sì ń sáré yí pálọ̀ ká bí ọkùnrin náà ṣe sáré. Mo tún fún un ní oríkì tí mo dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ọmọ agbóhùn-ìbọn-gbàgbé-fìlà! Ọmọ ẹsẹ̀-mi-má-jẹ̀ẹ́-n-kú!" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Màmá tíṣà ń lu itan, wọ́n ń pariwo pé mo fẹ́ pa àwọn.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí mo fi jókòó, ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó rántí. Kànga tí mo dárúkọ yẹn, omi rẹ̀ ni mo ń mu láti ọdún pípẹ́. Ẹnu ìloro ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi ni kànga náà wà. Ojú mi ti mọ kànga ju bí ọkàn mi ṣe rántí àwọn tó ni ín lọ. Ǹ bá jẹ́wọ́ níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí sí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́. Mo ní, "Ìwé ni o. Kí ni mo fẹ́ parọ́ ṣe?"

Ó fi ìwé ewúrẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó kí màmá, ó sì lọ. Ẹ gbà mí o! Láàrin wa ní ìlú yìí, o lè bú ènìyàn kó gbàgbé, o lè bú bàbá rẹ̀ kó fojú fò ó, ṣùgbọ́n bí o bá ní agbo ilé rẹ̀ sá lójú ogun, o ti pe òkú àti alààyè lẹ́jọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ki ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ jagunjagun ni. Oríkì yẹn ni ìyá rẹ̀ fi ń jí i láàárọ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò wá sí Kúdẹtì. Mo mú ẹsẹ̀ mi dé ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba, mo fi ẹ̀rín wọlé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Irú aṣọ wo lẹ ń fẹ́?" Èmi! Èmi tó ń pè ní "ìwọ oníwàhálà yìí" láti ọdún méjìdínlógún, ó wá ń ki 'ẹ' bọ̀ mí lọ́rùn bí oníbàárà tó ṣìnà wọlé. Ó sàn kó gbá mi létí. Mo padà sí Bẹẹrẹ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fún aláìsàn orí fífọ́ ní oògùn inú rírun.

Màmá tíṣà ní kí n mú ìwé náà wá kí àwọn kà á. Ọgbọ́n ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn ti ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó ṣí i ni mo ti jẹ́wọ́ tán. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò, wọ́n ní, "Má lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ilé lo bú, ilé ni kí o lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni kí o kúnlẹ̀."

Mo lọ ní ọjọ́ Alámìísì, lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo kọjá lára kànga náà wọlé. Bàbá arúgbó jókòó sórí awọ ewúrẹ́, tẹ̀sùbáà ń yí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, kò sọ fún mi pé kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti sísá tí mo sá yí pálọ̀ ká, àti oríkì tí mo dá sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ìwé kò dárúkọ ilé yín. Irọ́ ni mo pa, ẹnu mi ló fi í kún un."

Tẹ̀sùbáà dúró. Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá. Irọ́ ni mo pa."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ìgbà tí o rò pé o ń parọ́ gan-an lo sọ òótọ́."

Ọ̀rẹ́ mi já ọwọ́ sílẹ̀. "Bàbá, kí lẹ sọ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá wọn dúró. Wọ́n ní òótọ́ ni, ẹni tó tẹ ilé náà dó sá lójú ogun. Ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Wọ́n ní, "Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Ṣùgbọ́n ti bàbá yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ẹ ò béèrè ohun tó gbé dání."

Bàbá ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ bàbá yẹn kan ló kú ní ibùdó ogun, ìyàwó ọ̀rẹ́ náà sì ti kú ṣáájú, wọ́n fi ọmọ jòjòló kan sílẹ̀. Ọ̀tá ti wọ ibùdó. "Ìbọn wúwo, ọmọ wúwo. Kò lè gbé méjèèjì sáré. Ó ju ìbọn sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ títí ó fi kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó gbé yẹn ni gbogbo wa tí ẹ ń wò yìí ti wá." Wọ́n mi orí. "Àwọn bàbá wa fẹ́ fi ìtìjú pamọ́, wọ́n fi oore pamọ́ mọ́ ọn. Èmi náà dákẹ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́. Mo ti fẹ́ gbé e lọ sí sàréè."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, ó ní, "Ìwọ oníwàhálà yìí, o ò ní fi iyọ̀ sí èyí o." Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́kún bí ọmọdé, tí Bàbá fi ń béèrè pé ta ló tún kú.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yẹn, ó wọ pálọ̀ màmá tíṣà lọ́wọ́ òfo. Ó ní òun kò ka ìwé kankan, ẹnu lòun ti gbọ́ tòun. Ó sọ ìtàn náà bó ṣe máa ń sọ ìwé ọmọdé: ohùn ọ̀tá, ohùn àwọn tó ń fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́, àti ohùn ọmọ jòjòló tó ń sunkún léjìká ẹni tó ń mí gúlegúle. Nọ́ọ̀sì kò lè fara dà á, ó ní kó tètè sọ ibi tó parí sí. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Lónìí, wàá dúró." Nígbà tó sọ pé, "Ọmọ náà ni bàbá bàbá bàbá mi," ẹ̀pà wà nínú abọ́, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i.

Mo ṣì ń ka ìwé ogun. Ẹnu mi kò tíì dì, màá sọ òótọ́, mo ṣì máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i bí nọ́ọ̀sì bá ti ń tòògbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí ẹnìkan ti ń sá, yálà nínú ìwé ni tàbí láàrin ọjà, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ ná.