Ojú Ewé Tó Kẹ́yìn Ìwé Amí

Títí dòní, bí mo bá rí ọkùnrin tó fi ìwé bojú, inú á bí mi. Ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Tíṣà ni ní ìlú Ajue, láyé tí owó epo rọ̀bì pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì fẹ́ràn ìwé amí ju oúnjẹ lọ. Gáréèjì Ore ló ti ń rà wọ́n. Eré àsápajúdé ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí amí kan ṣoṣo á máa lé àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù fọ́ ìlú. Ìrẹsì á jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní gbọ́ òórùn. Bí mo bá pè é, á ní, "Dákẹ́ ná, bọ́ǹbù ti fẹ́ bú."

Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí àkọ́bí wa, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá mọ́tò."

Kò gbójú sókè. "Ó ku ojú ewé díẹ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ gba odidi ìlú là."

Mo já ìwé náà gbà, mo fa ojú ewé tó kẹ́yìn ya, mo sì tì í bọ inú ìró mi. Aládùúgbò wa ló fi alùpùpù gbé mi dé ọsibítù ní Ore.

Nígbà tí ọkọ mi máa fi sáré dé, mo ti bímọ. Kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

"Ojú ewé yẹn dà?"

Mo ní, "Mo ti fi nu ìdí ọmọ yín."