Fọ́tò Tí Wọn Kò Fọ̀ Tán

"Ká" ni kámẹ́rà mi máa ń dún, bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta páànù. Bí fíìmù wà nínú rẹ̀, bí kò sí, ìró kan náà ni. Mo rà á nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, tí mo jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ ní Ìlá, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Àpótí dúdú kékeré ni. Fọ́tò mẹ́jọ péré ni fíìmù kan ń gbà, Òṣogbo la sì ń fi í ránṣẹ́ sí kí wọ́n bá wa fọ̀ ọ́. Ìwé pélébé tó bá a wá ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí n tó kà á dé ìdajì, mo ti ka ara mi sí ọ̀gá.

Ìyá ìyàwó mi ń gbé ní abúlé kan lọ́nà Ìresì, iṣu àti obì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n wá yà á, mo sì ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí a ó lọ, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan máa bá mi tẹ kámẹ́rà náà: mo fara ti kẹ̀kẹ́, mo wọ awò dúdú, mo káwọ́ gbera bí ọ̀gá ilé ìwé. Fọ́tò mẹ́jọ, èmi mẹ́jọ.

Nígbà tí a dé abúlé, Ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ òkè tó fi ṣe ìyàwó, àwọn ará ilé sì ti pé jọ. Ojú tì mí láti sọ òótọ́ níwájú àna. Mo gbé àpótí òfìfo sókè.

"Ẹ má mì o, Ìyá. Ẹ má ṣẹ́jú."

"Tíṣà, mi ò ní mì. Ṣé mo lè mí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò ṣẹ́jú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́: ká. Ó dúpẹ́, ó sì di iṣu fún wa.

Láti ìgbà náà, bó bá ti wá sọ́jà Ìlá, á bèèrè fọ́tò rẹ̀. Mo máa ń ní, "Wọ́n ṣì ń fọ̀ ọ́ ní Òṣogbo, Ìyá."

"Háà! Ṣé bí mo ṣe dọ̀tí tó nìyẹn, tí wọ́n ń fọ̀ mí láti ìjọ́ yìí?"

Mo rò pé n ó ra fíìmù mìíràn kí n lọ yà á ní tòótọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò pé oṣù mẹ́ta tí ibà fi mú Ìyá lọ.

Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí bèèrè fọ́tò. N kò tíì lanu tí ìyàwó mi fi dáhùn pé, "Wọ́n bà á jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́." Nígbà tó ku àwa méjì, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó dá mi dúró.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni mo gbé fíìmù tí ẹ fi ya ara yín fún awakọ̀ Òṣogbo, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a lọ sábúlé."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Ṣé kí n dójú tì yín níwájú àwọn èèyàn mi?"

A sin Ìyá, a kò sì ní àwòrán ojú rẹ̀ níbì kankan.

Ìyàwó mi kò sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ayé wa, bí mo bá gbé kámẹ́rà sí i, á kọ́kọ́ bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀?" Àwọn ọmọ rò pé eré ni.

Òun náà ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ mú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tí mo yà á, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó la ẹnu díẹ̀ nínú fọ́tò náà. Wọ́n ní ẹ̀rín ló fẹ́ rín. N kò tíì sọ fún wọn pé ìbéèrè ló ń bi mí.