Bàtà Màmá Mi Tó Ń Sọnù

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Láti ìgbà tí àìsàn ìgbàgbé ti mú màmá mi, ó tún wá burú sí i. Ara mi á wà níbi iṣẹ́ ní Oniru, ọkàn mi á wà nílé wa ní Jakande, lọ́dọ̀ obìnrin tí mo gbà síṣẹ́ kó máa tọ́jú wọn.

Bàtà màmá ló bẹ̀rẹ̀ ìfura. Méjì sọnù láàárín oṣù kan. Mo bi obìnrin náà, ó ní òun ò rí i. Mo bi màmá, wọ́n ní àwọn ò ní bàtà rí láyé àwọn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ obìnrin yìí tó bá ń lọ sílé. Ọbẹ̀ inú ìkòkò pàápàá, màá wo ibi tó dé kí n tó jáde. Ó rẹ̀ mí, inú ń bí mi, n kò sì lè bínú sí màmá. Obìnrin yìí ló kù tí mo lè bínú sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ti ọjà dé, mo bá obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn tó lọ sí ilé wa lókè, bàtà màmá nínú àpò rẹ̀.

"Àǹtí, mò ń gbé e lọ sókè fún wọn ni. Ẹ jẹ́ kí n explain."

"Explain kí ni? Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun!"

Ariwo mi gba gbogbo ilé. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ sùtánà funfun fún màmá, torí aṣọ ìjọ wọn yẹn nìkan ni wọ́n máa ń gbà wọ̀ láìjà. Mo wọ bàtà fún wọn, a sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Nídìí àtẹ̀gùn, wọ́n wo aṣọ ara wọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, wọ́n sì fẹsẹ̀ lásán jáde. Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà mọ́ sùtánà. Inú ìjọ yẹn ni wọ́n bí mi sí, èmi ni mo gbàgbé.

Mo pe fóònù obìnrin náà. Ó dún títí, kò gbé e.

"Obìnrin tó máa ń bá mi kó bàtà gòkè dà?" màmá bi mí.

Mo ní ó ń bọ̀.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Irọ́ ni. Ìwọ lo lé e."