Ẹja Mẹ́fà fún Ìsàlẹ̀ Omi

Alárinà ni wọ́n ń pè é ní Mong Kok, ní òpópónà wa tí a ti ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Ngai Pak-lam, alárinà ẹja. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé àpọ́nlé ni. Yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun tó fà á ni pé kì í ta ẹja fún ènìyàn láìkọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè. Báwo ni àpótí dígí rẹ ṣe gùn tó? Ta ló ti wà nínú rẹ̀? Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀? Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn yòókù, wọn á rọ omi àti ẹja sínú ọ̀rá, wọn á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọn á so ó kọ́ síwájú ìta bí aṣọ tí a sá. Oníbàárà á nawọ́ mú èyí tó wù ú, ó di ilé. Ní ti Ngai, bí ìdáhùn rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rá yẹn yóò padà sórí ìkọ́ rẹ̀.

Yanrìn àti òkúta ìsàlẹ̀ omi ni mò ń tà, ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí etí mi kì í gbọ́. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń bá a wo ètò ilé ti sọ fún un pé ẹja góòlù mẹ́sàn-án ni yóò fa oríire wọlé: pupa mẹ́jọ, dúdú kan. Àpótí rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ lọ.

"Mẹ́sàn-án nínú ẹsẹ̀ kan ààbọ̀," ni Ngai wí. "Ìwọ náà, ṣé o lè bá ènìyàn mẹ́jọ gbé irú ilé bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá Ngai, ibi tí mò ń gbé gan-an lẹ ń júwe yẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ngai náà rẹ́rìn-ín. Kò tà á.

Ti ẹja dúdú yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kú. Bí aburú bá ń bọ̀ wá bá onílé, ẹja ni yóò gbà á sára. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọ̀kan léfòó, ẹnikẹ́ni kì í káàánú púpọ̀. Wọn á ní ó ti gba ibi lọ, wọn á sì wá ra òmíràn lọ́wọ́ wa. Èmi gbà á gbọ́ díẹ̀. Ìyá mi gbà á gbọ́ pátápátá. Ngai kò gbà á gbọ́ rárá.

Kì í ṣe ibi ló pa á, yóò wí fún wọn. Ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹja góòlù fẹ́ omi tútù, ó fẹ́ àyè, nítorí ó ń jẹun púpọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ púpọ̀. Àwọn kéékèèké tó wá láti odò ilẹ̀ olóoru, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bá wọn mu. Kó wọn pọ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò jìyà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá gba èkejì yóò gbé e mì, bó pẹ́ bó yá. Èyí tó ń rìn lẹ́gbẹ́, má rà á ní ẹyọ kan, ìdánìkanwà yóò pa á.

Yuet-ho ìyàwó rẹ̀ ló ń so ọ̀rá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ẹja á ti wà nínú ọ̀rá kó tó mọ̀ pé òun kúrò nínú àwo. Wọn kò bímọ. Wọn kò sì ní àpótí ẹja nílé. Yuet-ho ní òun kì í gbé iṣẹ́ wálé.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀dọ̀ Yuet-ho.

Àwọn dókítà là á, wọ́n wò ó, wọ́n rán an padà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Oṣù kẹwàá ni. Yàrá wọn wà ní Sham Shui Po, àjà kẹrin, àtẹ̀gùn tóóró. Ibùsùn náà kúrú, kò ga ju orúnkún lọ. Yuet-ho kò lè jókòó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló lè fi dùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì sì kọjú sí ògiri. Ògiri ló ń wò fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá ó pe ọkọ rẹ̀.

"Arúgbó," ó wí, "gbé ẹja wá síbí. Mo fẹ́ rí ohun tó ń rìn."

Ìyáàfin Poon, ẹ̀gbọ́n Yuet-ho, ló ń wá se ọbẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Ó ta kò ó. Ó ní omi kì í wọ yàrá aláìsàn, pé omi tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn a máa fa agbára ẹni tó sùn. Yuet-ho ní agbára ti lọ, kí omi máa bọ̀.

Ngai gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ kan ààbọ̀ sórí àga kékeré láàárín ibùsùn àti ògiri. Ibẹ̀ nìkan ni àyè wà. Ó fi irin tó ń mú omi lọ́ sínú rẹ̀, nítorí òtútù ti ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi omi náà sílẹ̀, kó lè di omi tí ẹja lè gbé, kó tó fi ẹja kankan sí i. Yuet-ho bú u, ó ní ṣé òkú òun ni yóò wá wo ẹja náà. Síbẹ̀ Ngai dúró. Lẹ́yìn náà ló kó mẹ́wàá wọlé nínú àwọn tín-tìn-tín tó ní ìlà búlúù òun pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Yuet-ho wò wọ́n ní àárọ̀ kan.

"Ikùn wọn nìkan ni mò ń rí," ó wí. "Bí ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lórí òrùlé wa."

Ngai kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀, ó wò láti ibi tí ojú rẹ̀ wà. Òótọ́ ni. Àwọn ẹja wà lókè lọ́hùn-ún. Ohun tó wà lójú aláìsàn gan-an ni yanrìn. Yanrìn òfìfo.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá àwọn tí yóò gbé ibẹ̀. Mo rí i tó ń rìn lọ rìn bọ̀ ní òpópónà tó mọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí àwọn ẹlòmíràn bí oníbàárà. Mo bi í kí ló dé. Ó dúró, ó sì kà wọ́n fún mi. Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ dígí: yóò dàgbà ju àpótí náà lọ, tó bá sì ti lẹ̀, kì í rìn mọ́. Èyí tó rí bí ejò kékeré, tó ní bẹ́líìtì dúdú káàkiri ara: arẹwà ni, ṣùgbọ́n abẹ́ yanrìn ló ń sùn ní gbogbo ọ̀sán. Alákàn: yóò máa gé wọn ní lẹbẹ. Edé: ara rẹ̀ mọ́ gaara, ojú Yuet-ho kò sì ríran dáadáa mọ́. Ìgbín: ó lọ́ra jù.

"Ó ń wo nǹkan tó lọ́ra tẹ́lẹ̀," ni Ngai wí. Òun fúnra rẹ̀ ni nǹkan tó lọ́ra náà.

Ẹja eku ló kù. Ìbátan àrọ̀ ni, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ó ní irùngbọ̀n wínníwínní létí ẹnu. Ọ̀sán ló ń jáde. Agbo ló ń rìn. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àwọn olókè kì í sì í sọ̀kalẹ̀ wá bá a jà. Ó mú mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà ló rékọjá títì wá sọ́dọ̀ mi fún yanrìn tuntun. Irú mẹ́ta ni mo gbé jáde, ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ń fi wọ́n pa ètè ara rẹ̀. Bí ó bá ta á létè, yóò gé irùngbọ̀n ẹja eku, nítorí ẹnu ni wọ́n fi ń túlẹ̀ jẹun. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó, àgbàlagbà tó ń jẹ yanrìn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Èyí kẹrin kò ta á. Ó fọ̀ ọ́ nígbà méje.

Yuet-ho ń kà wọ́n ní àràárọ̀. Mẹ́fà. Wọn á wá sí etí dígí, wọn á tú yanrìn, wọn á dúró. Ẹja eku máa ń yí ojú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ó ní èyí tó tóbi jù ń ṣẹ́jú sí òun, ní ọjọ́ orí òun yìí, kí ọkọ òun máa ṣọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó lá ẹ̀kọ ìrẹsì, abọ́ kékeré kan lóòjọ́. Ngai ń fi súfèé kọrin bó ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà rò pé bóyá.

Kò pẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kejìlá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ pípọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà ní kí wọ́n má retí kọjá ọjọ́ àárín òtútù, ọjọ́ tí gbogbo ìdílé máa ń jókòó jẹ ìyẹ̀fun ìrẹsì róbótó-róbótó nínú omi ṣúgà. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ìyáàfin Poon mú Ngai lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ngai, bi ara rẹ. Láti ìgbà tí àpótí yẹn ti wọlé, ẹja mélòó ló ti kú?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò sí. O ṣe é dáadáa jù. Nílé àwọn ẹlòmíràn, ẹja á kú, ènìyàn á dìde. Ilé tìrẹ nìkan ni ẹja ti ń sanra tí aláìsàn ń rù. Kí ló máa wá kú dípò àbúrò mi?"

Ngai sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun la ẹnu láti dá a lóhùn. Ìdáhùn tó ti ń fún gbogbo òpópónà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò rí i mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn mo rí i tó bọ ọwọ́ sínú agbada ẹja góòlù níta. Omi inú rẹ̀ tutù bí irin, a wà nínú òtútù. Ó mú ọ̀kan. Dúdú ni, olójú yíyọ, ó tó ìkúùkù ọmọdé. Mo rò pé oníbàárà ni yóò gbé e fún. Ó so ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, ó so ó láìdára, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́ta.

Bí a bá gbé ẹja dé omi tuntun, a máa ń jẹ́ kí ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀ ná, kí omi méjèèjì mọ ara wọn. Ọmọdé mọ ìyẹn ní òpópónà wa. Ngai kò ṣe é. Yuet-ho ń sùn. Ó tú ọ̀rá náà lórí omi wọ́ọ́rọ́, ó da ẹja dúdú sínú rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ilé ìdáná. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní Mong Kok.

Ẹja góòlù kì í kú kíá. Ó fò kiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó mí, ó mí. Ó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí yanrìn ló wà, lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń mí díẹ̀, ojú ńlá rẹ̀ kọjú sí ibùsùn. Ẹja eku mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó ara wọn jọ sí igun kan lẹ́yìn. Yuet-ho kò kà wọ́n. Obìnrin tó ti so ẹja fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ta ni yóò ṣàlàyé fún un? Ó ń wo ẹja dúdú, ẹja dúdú ń wò ó. Àwọn méjèèjì lórí ẹ̀gbẹ́. Ọbẹ̀ tí Ìyáàfin Poon gbé wá tutù sórí àga.

Ó dúró títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi lọ.

"Arúgbó. Ta ló mú èyí wá?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?"

Ngai gbé abọ́ ọbẹ̀ tó ti tutù kúrò lórí àga.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n ń pè ní alárinà?"

"Yuet-ho, bó bá lè jẹ́ pé... Bó bá gbà á lọ ńkọ́?"

"Bó bá máa kú, ojú ta ni yóò kú sí? Ìwọ ń bẹ lókè níbẹ̀ yẹn. Èmi nìkan ni mo wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀." Ó sinmi. Ọ̀rọ̀ kò tètè jáde mọ́. "Mo ti mọ bí èmi ṣe rí. Má fi hàn mí. Gbé e jáde, kí àwọn ọmọ mi lè padà wá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè wọ́n. Àwọn ọmọ mi. Ngai ní òun kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn.

Ó gbé e jáde. Garawa kan, omi tí kò gbóná tí kò tutù, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ àjà mẹ́rin, ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láàárín itan. Mo bá a dà á sí agbada tó dá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a ń bu omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin, ó ti dìde dúró lórí ikùn rẹ̀. Inú mi dùn. Mo wo ojú Ngai, inú mi kò dùn mọ́.

Yuet-ho kú ní ọjọ́ kẹrin, láàárọ̀, lẹ́yìn tó ti ka mẹ́fà. Ọjọ́ àárín òtútù ku ọjọ́ méjì.

Ní ilé ìsìnkú, Ìyáàfin Poon dìde níwájú gbogbo wa, aṣọ ọ̀fọ̀ funfun lára rẹ̀, kò pariwo. Ó ní ibi náà ti ń bọ́ sára ẹja, pé ẹja ti dùbúlẹ̀ tán láti gbà á. Ó ní ọkùnrin yìí ló fà á yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo retí kí Ngai sọ̀rọ̀. Mo retí omi tútù àti omi wọ́ọ́rọ́, àyè àti ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀. Ó tẹ orí ba. Láti ọjọ́ yẹn obìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ṣí lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tí a fi ń ṣọ̀fọ̀. Kò bi oníbàárà ní ìbéèrè púpọ̀ mọ́. Ẹja dúdú náà wà nínú agbada lẹ́yìn, ó ń jẹun, ó ń sanra. Kì í tà á. Kì í sì í lọ sí ẹ̀yìn ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi ló ń bá a fún un lóúnjẹ.

Ọ̀sán kan, òjò ń rọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní títì. Ó kọjá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró láàárín àwọn àpò yanrìn. Ó bi mí pé, ká ní òun fi ẹja dúdú yẹn sílẹ̀ nínú àpótí ní ọjọ́ kan sí i, ọjọ́ kan péré, kí ni mo rò.

Mo ní rárá, kò lè yí ohunkóhun padà.

Ó ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ. Ó ń wo ẹnu mi bí ó ṣe ń wo ẹja tí kò dá a lójú. Ó wá mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n jọ̀wọ́, kí n má sọ ọ́ mọ́.