Àwọn Tó Wá Bẹ̀bẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ti ti ọsibítù dé ni mi ò ti lè jókòó. Mo gbálẹ̀, mo tún un gbá. Mo lọ síbi wíńdò, mo padà. Ara mi ò balẹ̀ rárá.

Ọmọkùnrin méjì ló lù ú ní bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù ní Etobicoke nílùú òyìnbó níbí, lọ́sàn-án gangan, torí pé ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ mú. Wọ́n fọ́ egungun àgbọ̀n rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń bú u. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ọmọ mi ti ní òun máa sọ ọ́ fún ọlọ́pàá bó ṣe rí gan-an, pé torí irú ẹni tí òun jẹ́ ni wọ́n ṣe lu òun. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹn dé láti Port Credit tí wọ́n ń gbé, òun àti alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n gbé páálí malt dání. Bàbá yìí ò tiẹ̀ bọ́ kóòtù òtútù tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. Yéè! Ẹni tó jù mí lọ dáadáa. Ní tiwa, bí àgbà bá bẹ èèyàn báyìí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Alàgbà ní, "Sister, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ ní kó sọ pé ìjà lásán ni."

"Ìjà kẹ̀? Ṣé ẹnì kan ló ń dá jà ni? Ọmọ tèmi ò gbọ́wọ́ sókè."

"Ẹ ro ti orúkọ yín náà. Gbogbo ayé á gbọ́ pé ọmọ yín..." Kò lè parí ẹ̀.

Inú bí mi. "Pé ọkùnrin ló fẹ́ràn? Mo mọ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé, ṣé ẹnì kankan nínú yín bèèrè bóyá ó rí oúnjẹ jẹ?"

Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo ní kí wọ́n máa gbé malt wọn lọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ̀ pé mo ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn nìyẹn.

Mo sáré lọ sí yàrá ọmọ mi. Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti wọ jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà, báàgì wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

Wọ́n ti fi wáyà so eyín ẹ̀ pọ̀ ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ ò fẹ́ jáde. Ó ní, "Mo rò pé ẹ máa gbà fún wọn ni, Mummy."