Bàbá Afẹ́fẹ́-Á-Gbé-E-Lọ

Bí mo bá ti gbóòórùn táyà tó ń jó, ohùn bàbá tó jẹ́ onílé wa ní Ìlódè ni mo máa ń rántí: "Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ."

Àárọ̀ kùrukùru ló máa ń dáná sun ọ̀rá àti táyà lẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ wo? Ẹ̀kán omi wínníwínní inú kùrukùru á mu èéfín náà sára, á rọ̀ dirodiro lójú fèrèsé wa títí di ọ̀sán, bí ẹni pé òun náà yálé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ikọ́ fée ń yọ ọmọ mi lẹ́nu."

"Ṣé èmi ni mo ni afẹ́fẹ́ ni?"

Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́ra. Kí bàbá yìí tó ṣáná, fèrèsé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń tì.